Ọpẹ́ Àná ní Ilé Tí Kò Séèyàn

Ilé méje ni Ìyá Àgbà máa ń lọ dúpẹ́ láràárọ̀ kí wọ́n tó fi nǹkan kan ẹnu. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ka àwọn ilé náà rí. Ìgbà tí ó di pé èmi ni n ó máa lọ dípò wọn ni mo tó mọ̀ pé méje ni, tí mo sì mọ̀ pé kò sí èèyàn nínú ìkeje.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo rí bí mo ṣe rí i, kí n sì ya ohun tí mo rò sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀. Kò rọrùn bí mo ṣe kọ́kọ́ rò.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ẹni tí a ṣe lóore lónìí gbọ́dọ̀ jí lọ́la kó lọ sọ pé ẹ ṣeun àná. Ohun tó jẹ́ ti Ìyá Àgbà nìkan ni pé àná wọn kì í kọjá. Ẹni tó bá wọn sọ ẹrù kalẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí mi ṣì ń gba ọpẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á jáde. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun àná o," wọ́n á dúró gbọ́ èsì, wọ́n á kọjá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá jẹ ẹ̀kọ wọn. Bí èèyàn bá bi wọ́n léèrè ohun tó mú ara wọn le, tí wọ́n ṣì ń gun òkè lọ ṣa èso òrí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń fi igi rìn, wọ́n á ní, "Ara tó bá ń dúpẹ́ kì í ráyè ṣàárẹ̀." N kò ka ọ̀rọ̀ yìí sí òtítọ́, n kò sì kà á sí irọ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ni mo kà á sí.

Lọ́dún tí mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, tí mo ń retí lẹ́tà iṣẹ́ tí kò dé, bàbá mi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé kí n lọ sí Tẹ̀dé lọ tọ́jú Ìyá Àgbà, ara wọn kò yá. Ọyẹ́ ti mú nígbà náà. Nígbà tí mo dé, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ti wú dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibi tí mo tẹ̀ kò ní í tètè kún padà. Bí wọ́n bá rìn láti orí ẹní dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dúró mí bí ẹni tó sáré wá láti Ìgànná.

Mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí. Dókítà fi rọ́bà etí rẹ̀ gbọ́ àyà wọn títí, ó wá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọkàn Màmá kò lágbára mọ́ láti máa ti ẹ̀jẹ̀ kiri. Kí wọ́n lo oògùn yìí láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun. Kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Kí wọ́n má rìn. Bí oògùn àárọ̀ bá ń pẹ́, tàbí tó ń fò, omi á gun àyà wọn. Bó bá sì ti gun àyà, má ṣe yọ ara rẹ lẹ́nu láti gbé wọn padà wá."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Bí a ti jókòó sínú ọkọ̀ tí à ń bọ̀ wálé, Ìyá Àgbà ní, "Dókítà yìí kò fẹ́ràn mi. Ọbẹ̀ láìsí iyọ̀, ẹsẹ̀ láìsí ìrìn. Ikú wo ló tún kù?" Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú wọn, mo sì gbé oògùn sórí ìdérí abọ́.

"Ìyá Àgbà, ẹ jẹun, kí ẹ lè lo oògùn."

"Ṣé mo ti dúpẹ́ ni?"

"Dókítà ní kí ẹ má rìn."

"Èmi náà gbọ́ ohun tó wí. Ṣé ó ní kí ọkọ mi náà má rìn?"

Èmi ni ọkọ wọn. Wọ́n wá ka àwọn ilé náà fún mi: ilé ìyá tó fún wọn lómi lọ́dún ọ̀dá, ilé àwọn tó gun àkàbà bá wọn pa iná orí òrùlé, ilé bàbá aránfìlà tó fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ tí ejò bù wọ́n jẹ. Wọ́n ka mẹ́fà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ìkeje ni ilé tó wà lẹ́bàá àpáta, ní ìparí ìlú. Tí o bá wọ agbolé, dúró ní àárín rẹ̀, kí o kọjú sí yàrá kejì. Sọ pé ẹ ṣeun àná o. Dúró títí á fi dá ọ lóhùn."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Ọ̀rẹ́ mi."

Mo mọ ilé náà. Ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀. Àwọn ọmọ baálé ilé náà ti lọ sí Àbíjàn kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ ń tutù, n kò fẹ́ jiyàn.

Àwọn ilé mẹ́fà kò gbà mí ní wákàtí kan. Nílé kẹta, bàbá aránfìlà ti jókòó sí ìta pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti fìlà lórí orúnkún.

"Ẹ ṣeun àná o, Bàbá."

"Akọ̀wé! Ṣé ọpẹ́ ni wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì, fún ọdún mẹ́rin gbáko?"

"Ọdún mẹ́ta ni tiwa, Bàbá."

"Abájọ! Ohùn rẹ kò tíì jinná. Ìyá rẹ àgbà a máa dúpẹ́ kí àkùkọ mi tó jí. Sọ fún wọn pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí o sì sọ fún wọn pé ejò yẹn ti kú."

Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí ẹ̀bá àpáta, mo dúró. Kùrukùru ọyẹ́ bo ibẹ̀, n kò rí ju ogún ìgbésẹ̀ lọ níwájú mi. Mo rò ó pé kò sí ọgbọ́n nínú kí èèyàn lọ bá ògiri sọ̀rọ̀ nígbà tí aláìsàn ń dúró de oògùn. Mo yí padà.

"Kí ló wí?" Ìyá Àgbà bi mí bí mo ti wọlé.

"Wọ́n ní kò tọ́pẹ́."

Wọ́n wò mí. Wọn kò bínú. Wọ́n kàn wò mí bí èèyàn ṣe ń wo aṣọ ọmọdé tó ti kéré jù fún un. "Kì í sọ bẹ́ẹ̀," wọ́n wí, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti abọ́ ẹ̀kọ náà sẹ́yìn.

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo tún ọ̀rọ̀ dókítà sọ. Mo gbé ẹ̀kọ náà kaná lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa di agogo méjìlá ọ̀sán, èémí wọn ti ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń fa nǹkan gba inú pòròpórò kọjá. Mo wọ bàtà mi, mo lọ sí ilé ẹ̀bá àpáta.

Ọ̀sán gangan ni. Mo tẹnu mọ́ èyí torí mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ irú ìtàn yìí máa ń fi òkùnkùn kún un fúnra rẹ̀. Oòrùn wà lókè, ó funfun bí abọ́ tánganran lẹ́yìn eruku ọyẹ́. Wọ́n ti dáná sun ọ̀dàn lẹ́yìn àpáta, màjàlà dúdú sì ń fò bọ̀ láti ibi iná, ó ń bà sórí gbogbo nǹkan: sórí ewé ẹ̀gẹ́, sórí páànù tó ti dípẹtà, sí èjìká mi. Ilé náà ní yàrá mẹ́rin. Òrùlé ti wó lórí àkọ́kọ́ àti àwọn méjì tó gbẹ̀yìn. Yàrá kejì nìkan ló ṣì ní ìbòrí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀, kò ní ilẹ̀kùn.

Agbolé náà mọ́. Ẹnì kan ti gbá a. Ojú ìgbálẹ̀ hàn gedegbe lórí erùpẹ̀ pupa náà, ó rí roboto roboto, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá kejì, ó gbòòrò wá sí ìta. Kò sí ẹsẹ̀ èèyàn lórí rẹ̀, kò sí ti adìẹ, kò sí ti ewúrẹ́. Èyí tó jẹ́ kí n dúró ni pé kò sí màjàlà kankan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ògiri, ilẹ̀ dúdú. Nínú ògiri, ilẹ̀ pupa. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kan án. Ó tutù.

Mo sọ pé, "Ẹ ṣeun àná o."

Ohùn mi lọ, kò padà. Àwọn àdàbà tó ń ké lórí àpáta dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan wúkọ́ nínú yàrá kejì.

Ikọ́ náà kò le. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi etí aṣọ bo ẹnu kí ó má baà jí ọmọ tó ń sùn. Ẹ̀ẹ̀kan ni, ó sì tán.

Ẹni tó ń wádìí nǹkan gbọ́dọ̀ wọ yàrá lọ wò. N kò wọ yàrá. Mo rìn padà jẹ́jẹ́ títí mo fi dé ibi tí ẹ̀gẹ́ pin sí, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"Ẹnì kan wúkọ́," ni mo sọ fún Ìyá Àgbà.

"Ẹ̀n-ẹ́n," wọ́n wí, ojú wọn rọ̀. "Gbé ẹ̀kọ wá."

Wọ́n jẹun, wọ́n lo oògùn. Nígbà tí èémí wọn padà sípò, wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún mi láìjẹ́ pé mo bi wọ́n.

"Ọdún kan náà la wọlé ọkọ, oṣù kan náà la bímọ. Mo bí bàbá rẹ tán, ibà mú mi, ọmú mi gbẹ. Ọmọ ń ké. Ọ̀rẹ́ mi wá gbé e. Ọmọ tirẹ̀ náà kò gbádùn lọ́jọ́ náà, kò mu ọmú dáadáa. Ó ní, ‘Gbé e wá, tèmi kò kúkú mu ún tán.’ Ó fún bàbá rẹ lọ́mú láti àárọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Mo jí, ibà ti lọ. Mo wé gèlè, mo ní n ó lọ sọ pé ẹ ṣeun àná. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo gbọ́ ẹkún."

Wọ́n ti abọ́ ẹ̀kọ tó ti ṣófo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ rẹ̀ ni. Ṣé wàá dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ti ń sunkún? Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ní Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ọlọ́run kò sì fi òmíràn rọ́pò. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dúpẹ́, ẹnu mi á wúwo. A jọ ń re odò, a jọ ń ṣa òrí, a kò sọ ọ́ láàárín ara wa rí. Ikọ́ ló pa á níkẹyìn. Wọ́n sin ín tán, mo jí lọ́jọ́ kejì, mo lọ síbẹ̀, mo sọ pé ẹ ṣeun àná."

"Ta ló wá dá yín lóhùn?"

"O ń bi mí? Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé ni."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ láràárọ̀. Mo ya ìlà sínú ìwé àjákọ kan: bóyá wọ́n gbálẹ̀, bóyá ẹnì kan wúkọ́, bó ṣe pẹ́ tó, bí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ṣe rí. Mo kọ gbogbo ohun tó lè fà á sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Ikọ́ lè jẹ́ ti ewúrẹ́, ó lè jẹ́ igi àjà tó ń sán nínú ọyẹ́. Ìgbálẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ń ti oko kọjá. Mo bu eérú dání lọ́jọ́ kan, mo fọ́n ọn sí gbogbo agbolé náà. Lọ́jọ́ kejì, eérú náà ti kúrò nílẹ̀. Wọ́n ti gbá a jọ sí ìdí ògiri, wọ́n wá fi òkúta kékeré kan lé e lórí kí afẹ́fẹ́ má baà fẹ́ ẹ.

Mo bi bàbá aránfìlà.

"Bàbá, ta ló ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀bá àpáta?"

"Ìyá rẹ àgbà ni. Mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń lọ síbẹ̀."

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rìnlá tí wọn kò tíì jáde nílé."

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró sára fìlà. Ó wò mí, ó wo ọ̀nà àpáta, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán lọ. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, má bi mí mọ́," ó wí. "Àwa tó dàgbà síhìn-ín, kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá gbọ́ là ń wá olóhùn rẹ̀."

Mo bi Ìyá Àgbà náà bóyá wọ́n ń rán ẹnì kan lọ gbálẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti gbá wọn lẹ́yìn. "Èmi? Kí n máa dúpẹ́, kí n tún máa gbálẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe ọ̀lẹ."

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí lẹ́rù kì í ṣe ikọ́ náà mọ́. Ó jẹ́ pé ikọ́ náà ń pẹ́. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, bí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán ni mo máa ń gbọ́ ọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo lè dúró títí eruku ọyẹ́ á fi bò mí ní ìpéǹpéjú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, oòrùn a ti ga. Mo ń dúró ní àárín agbolé náà bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de ìyà, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà tó ṣókùnkùn, mo sì mọ̀ dájú pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ náà ń wò mí, pé kì í ṣe pé kò gbọ́. Èyí jẹ́ ohun tí mo rò. Kò sí lára ohun tí mo rí.

Ohun tí mo rí ni pé bí ikọ́ ṣe ń pẹ́ ni oúnjẹ ń pẹ́, bí oúnjẹ ṣe ń pẹ́ ni oògùn ń pẹ́. Ó wà nínú ìwé mi, ìlà lórí ìlà. Ìwúlé ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ó ti ń sún mọ́ orúnkún. Wọn kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja mọ́, ìjókòó ni wọ́n fi ń sùn, wọ́n á fi ẹ̀yìn ti ògiri. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ lo oògùn kí n tó lọ. Wọ́n ní àwọn kò jẹun kí àwọn tó dúpẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọ̀rẹ́ àwọn, àwọn kò sì ní í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ń múra àtilọ bá a.

"Ẹ kò lọ síbì kan," mo wí.

"Ọkọ mi, máa wò."

Ọjọ́ yẹn ni mo jókòó ka ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó ń wá ibi tí ìṣirò ti ṣì. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò kọ sílẹ̀ rí, torí pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́.

"Ìyá Àgbà, ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ṣé ẹ ti sọ fún un rí pé ọmú ni ẹ ń dúpẹ́ fún?"

"Ó mọ̀."

"Ṣùgbọ́n ṣé ẹ sọ ọ́?"

"Ta ló ń túmọ̀ ọpẹ́? Tí èèyàn bá ní ẹ ṣeun àná, ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ṣe."

"Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú lọ́jọ́ náà ńkọ́? Èwo ni yóò mọ̀ pé ẹ ń sọ nínú àná yẹn?"

Wọ́n yí ojú sí ògiri, mo sì rí i pé èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo bínú sí ara mi. N kò tọrọ àforíjì, n kò mọ ọ̀nà tí èèyàn ń gbà tọrọ àforíjì fún ìbéèrè tó tọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí àwọn ilé mẹ́fà, mo wá lọ sí ìkeje. Wọ́n ti gbálẹ̀. Mo dúró sí àárín rẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun àná o." Kò sí èsì. N kò dúró dè é. Mo sọ̀rọ̀ lọ, mo fi ohùn tí bàbá aránfìlà ní kò tíì jinná sọ ọ́.

"Ìyá, ọmú tí ẹ fún bàbá mi ni Ìyá Àgbà ń dúpẹ́ fún. Ọmọ yín kú nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Tiwọn yè. Ọmọ ẹni tó yè ni èmi. Wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́jọ́ náà, wọn kò lè dúpẹ́ nítorí ẹkún. Ẹ ṣeun. Ẹ sì pẹ̀lẹ́."

Ẹnu ọ̀nà yàrá kejì wà bí ó ṣe wà. Mo dúró. Mo dúró títí àwọn tó ń re oko fi kọjá lẹ́yìn ògiri, tí mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Màjàlà kan já bọ́ láti òkè, ó rọra ń yí, ó bà sílẹ̀ níwájú mi, ó sì wà níbẹ̀. Òmíràn bà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, mo mọ̀ pé èmi nìkan ló wà níbẹ̀. N kò lè ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Èèyàn máa ń mọ̀ bí ẹnì kan bá ti jáde kúrò nínú yàrá, kódà bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọ sí i.

Ọ̀nà wálé gùn lọ́jọ́ náà. Mo mọ ohun tí mo lè sọ: "Ẹnì kan wúkọ́." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, wọ́n á jẹun, wọ́n á lo oògùn. Bí mo bá sọ pé kò sí èsì, wọ́n lè má jẹun mọ́ láé, mo sì mọ ohun tí dókítà wí nípa ìyẹn. Mo wọn méjèèjì títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti purọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, ojú tí wọ́n fi wò mí kò tíì kúrò lára mi.

"Kí ló wí?"

"Kò dáhùn, Ìyá Àgbà. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọmú fún un. Mo ní ẹ ṣeun, mo sì ní ẹ pẹ̀lẹ́. Mo dúró títí oòrùn fi wọ agbolé. Kò dáhùn."

Wọ́n di etí ẹní mú. Mo rò pé mo ti pa wọ́n.

"Méjèèjì lo sọ? Ẹ ṣeun àti ẹ pẹ̀lẹ́?"

"Méjèèjì."

"Èwo lo kọ́kọ́ sọ?"

"Ẹ ṣeun."

Wọ́n pa ojú dé. Omi ń jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú wọn, kò sì dún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mí, èémí tó gùn jù lọ tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí mo ti dé. "Alihamudulilahi," wọ́n wí. "Ó ti gbọ́ nìyẹn. Ikọ́ yẹn, ìbéèrè ló fi ń bi mí láti ọjọ́ yìí, n kò mọ̀. Gbé ẹ̀kọ wá. Bu púpọ̀."

Wọn kò rán mi lọ sí ilé ẹ̀bá àpáta mọ́. Láti ọjọ́ kejì, oògùn ni wọ́n ń lò ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ọpẹ́ wá ń tẹ̀lé e. Ìwúlé ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kí oṣù tó parí, bàtà wọn ti ń gba ẹsẹ̀. Dókítà ní Ṣakí ní oògùn ló ṣiṣẹ́. Ó ṣeé ṣe. Oògùn tí a bá lò lákòókò lágbára ju èyí tí a lò ní ọ̀sán lọ, èyí kò nílò òkú láti túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà ní ọpẹ́ ló ṣiṣẹ́. Ohun méjì ló yí padà lọ́jọ́ kan náà, irú rẹ̀ kì í jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè búra lé lórí ni pé wọ́n ti ń dùbúlẹ̀ gbalaja sùn.

Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àwọn ilé mẹ́fà náà fúnra wọn, ọpẹ́ wọn yí padà pẹ̀lú. Wọn kò kàn ń sọ pé ẹ ṣeun àná mọ́. Wọ́n ń dárúkọ nǹkan: ẹ ṣeun omi, ẹ ṣeun àkàbà, ẹ ṣeun kẹ̀kẹ́. Bàbá aránfìlà ní bí wọ́n ṣe ń ka á yẹn, fìlà kan á ti parí kí wọ́n tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà òun.

Lẹ́tà iṣẹ́ mi dé nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, Ìyá Àgbà tẹ̀ lé mi dé ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níṣojú gbogbo èrò.

"O ṣeun ẹ̀kọ tí o gbé kaná. O ṣeun ìrìn inú ọyẹ́. O ṣeun òtítọ́ tí o sọ. O ṣeun omi gbígbóná tí o máa ń fi nù mí lẹ́sẹ̀ ní ìdájí, tí o rò pé mo ti sùn lọ."

Awakọ̀ fọn fèrè. Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń retí èsì.

N kò fi omi gbígbóná nù wọ́n lẹ́sẹ̀ rí. Fọnfọn ni mo máa ń sùn títí wọ́n á fi pe ìrun. Àwa méjì péré la sì wà nínú ilé náà.

Mo wo ẹsẹ̀ wọn nínú bàtà, ó tínrín, awọ rẹ̀ ń dán. Ẹni tó gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ti ja ẹlòmíràn lólè, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé kì í ṣe èmi, wọ́n á bèèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Ìyá Àgbà," ni mo wí, ọkọ̀ sì gbéra.